Hideyo Noguchi: Ọmọ Ẹsẹ̀ Òkè Bandai tó Kú ní Àkúrà

Bí ènìyàn bá rin ìrìn-àjò lọ sí àgbègbè Inawashiro, ní ìpínlẹ̀ Fukushima ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì, láàárín ìparí oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ yóò rí ohun tó dára. Òkè Bandai, tí gíga rẹ̀ lé ní 1,800 mítà, ni yóò kọ́kọ́ hàn sí i. Yìnyín yóò ṣì wà ní téńté orí òkè náà, ṣùgbọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ yóò ti rọ̀, omi yóò ti wọ inú oko ìrẹsì, igi tí wọ́n ń pè ní sakura yóò sì ti yọ òdòdó funfun àti aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Ìgbà ìrúwé nìyẹn. Àwọn ará Jàpáànì a máa tẹ́ ẹní sábẹ́ igi náà, tọmọdé tàgbà, wọn a máa jẹ, wọn a máa mu, wọn a sì máa wo òdòdó tí kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ kó tó rẹ̀ dànù. Ní gúúsù òkè náà ni adágún Inawashiro tẹ́ rẹrẹ sí. Ẹni tó bá ti dúró ní etí ọ̀sà ní Báyékù, lẹ́bàá Ìgbògbò, tó wo omi títí ojú kò fi tó òdìkejì mọ́, yóò mọ bí adágún náà ṣe rí, àfi pé omi tibẹ̀ tutù, òkè sì yí i ká.

Ní tòsí adágún yìí ni ilé àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ilé náà wó. Láti ọdún 1939 ni wọ́n ti ṣí ilé ìrántí sí ibẹ̀. Nínú ilé àtijọ́ náà, àwọn àlejò a máa rí ààrò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ní àárín ilé, níbi tí ìdílé ti máa ń yáná tí wọ́n sì ti ń se oúnjẹ. Wọn a tún máa rí òpó kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára. Ààrò yẹn ló sọ ọwọ́ òsì ọmọ náà di aláàbọ̀. Ọ̀rọ̀ ara òpó yẹn ló sì gbé e jáde nílé lọ sí Tokyo, sí Amẹ́ríkà, títí dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Hideyo Noguchi ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàjèjì rárá ní Gánà. Ní Nàìjíríà, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé Èkó ni ó ti ń padà bọ̀ nígbà tí àìsàn tó pa á kì í mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, ọdún 1876, ni wọ́n bí i. Seisaku ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Sayosuke, bàbá rẹ̀, fẹ́ràn ọtí ju iṣẹ́ lọ. Shika, ìyá rẹ̀, ni òpómúléró ilé náà. Obìnrin yìí kò rí ilé ìwé lọ nígbà èwe rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi í ṣe. A gbọ́ pé inú eérú tí ó tẹ́ sínú àwo ni ó ti ń fi ìka kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì èdè rẹ̀. Oko ìrẹsì ni ó ń ṣe lọ́sàn-án. Lálẹ́ ó máa ń wọ inú adágún lọ kó edé tí yóò tà. Ìgbà yìnyín ń kọ́, ó máa ń ru ẹrù ọlọ́rù lọ sí ìlú Wakamatsu fún owó táṣẹ́rẹ́.

Ìparí oṣù kẹrin ọdún 1878 ni ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìgbà ìrúwé dé tí iṣẹ́ oko kún ọwọ́ gbogbo àgbẹ̀. Shika jáde síta, ó fi ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Igbe ọmọ ni ó gbọ́. Kí ó tó sáré dé, Seisaku ti ṣubú sínú ààrò, iná sì ti jó ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí dókítà ní abúlé. Nígbà tí egbò náà jinná, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ọwọ́ náà sì dà bí orí igi. Shika kò dárí ji ara rẹ̀ títí tí ó fi kú. Ìpinnu tí ó ṣe ni pé ọmọ tí kò lè di ọkọ́ mú gbọ́dọ̀ fi ìwé jẹun, bí òun tilẹ̀ máa fi ẹ̀yìn ru ẹrù títí ayé.

Ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà mìíràn a máa sá fún ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ló máa ń tọ́ ọ sọ́nà padà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí Òkè Bandai bú gbàù ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1888. Òkè oníná ni Bandai, kò sì tíì kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ní ìhà àríwá wó lulẹ̀, ó bo àwọn abúlé mọ́lẹ̀, ènìyàn 477 sì ṣègbé. Ìhà gúúsù ni abúlé Noguchi wà, ìyẹn ni ó fi yọ. Òkúta àti ẹrẹ̀ tó wó yẹn dí odò mọ́lẹ̀, ó sì di àwọn adágún kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àwọn onírìn-àjò afẹ́ ń rọ́ lọ wò lónìí.

Olùkọ́ kan ló yí ìgbésí ayé ọmọ yìí padà. Sakae Kobayashi ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1889, nígbà tí Seisaku ń ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé ìwé kékeré, Kobayashi wà lára àwọn tó ń dán wọn wò. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ aláìní tó ń fi ọwọ́ kan pamọ́ sínú apá aṣọ yìí ló mọ̀wé jù. Kò fi mọ sí yíyìn ín lẹ́nu. Ó rí i dájú pé ọmọ náà wọ ilé ìwé gíga alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Inawashiro, ó sì gbọ́ bùkátà rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Seisaku kọ àròkọ kan nípa ìbànújẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kó bá a. Àròkọ náà mú ọkàn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n dá owó jọ, àwọn tó ti ń fi ọwọ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ sì wà lára àwọn tó dá a. Ní ọdún 1892, dókítà Kanae Watanabe, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìlú Wakamatsu. Ó la àwọn ìka náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọwọ́ náà kò padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí, ṣùgbọ́n ó lè di nǹkan mú. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà ti pinnu láti di dókítà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ di ọmọ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ fi ojú kan máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun tíntín di ńlá.

Ní ọdún 1896 ó gbéra lọ sí Tokyo. Kí ó tó lọ ni ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára òpó ilé, pé bí ọwọ́ òun kò bá tẹ ohun tí òun ń lépa, òun kò ní tẹ ilẹ̀ abúlé náà mọ́. Láàárín ọdún kan, ó yege nínú ìdánwò ìjọba fún iṣẹ́ ìṣègùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ń lo ọdún pípẹ́ lé lórí. Ní ọdún 1898 ó dé ilé ìwádìí Shibasaburo Kitasato, àgbà onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn ní Jàpáànì nígbà náà.

Ibí yìí ni àwọn ìwé ọmọdé tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò kọjá. Nínú ìwé wọ̀nyẹn, àpẹẹrẹ ọmọ rere ni Noguchi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àpò rẹ̀ jò. Bí owó bá ti wọlé, ọtí àti fàájì ni ó ń bá lọ. Ó yá owó lọ́wọ́ Kobayashi, ó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó sì sọ Morinosuke Chiwaki, oníṣègùn eyín tó fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò, di ẹni tí ń san gbèsè kiri. Àní orúkọ rẹ̀ tí ó yí padà ní ọdún 1898, ìwé ìtàn àròsọ kan tí Shoyo Tsubouchi kọ ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan wà nínú ìtàn náà tí ọtí àti ìnákúnàá bà jẹ́, orúkọ onítọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀rù bà á. Kobayashi ló bá a yan Hideyo. Orúkọ yí padà lóòótọ́, ọwọ́ kò yí padà kíá. Nígbà tí ó fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, owó ọkọ̀ tí ó ti kó jọ, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí ẹbí ọmọbìnrin kan fún un nítorí àdéhùn ìgbéyàwó, ni ó ná tán sórí àsè ìdágbére. Chiwaki tún lọ yá òmíràn fún un. Kò fẹ́ ọmọbìnrin náà.

Ìdí tí ó fi ń wá Amẹ́ríkà ni Simon Flexner. Onímọ̀ ìṣègùn ará Amẹ́ríkà yìí kọjá ní Tokyo ní ọdún 1899, Noguchi sì ṣe ògbufọ̀ fún un. Ó gba ọ̀rọ̀ ìwúrí tí àlejò ń sọ fún onílé gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Kí ó tó lọ, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní èbúté Yokohama, níbi tí ó ti dá aláìsàn kan mọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ní àrùn tí eku ń tàn ká, irú èyí tó ja Èkó láti ọdún 1924. Wọ́n tìtorí ìyẹn rán an lọ bá àrùn náà jà ní Niuzhuang ní Ṣáínà. Ní ìparí ọdún 1900, ó yọ sí Flexner lójijì ní Philadelphia. Flexner kò retí rẹ̀, kò sì ní iṣẹ́ fún un. Ó fi í sídìí oró ejò, iṣẹ́ tí kò wu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún mélòó kan, Noguchi ti di ẹni tí a ń dárúkọ nípa oró ejò. Ó lo àkókò díẹ̀ ní Copenhagen lọ́dọ̀ Thorvald Madsen. Nígbà tí ó sì padà ní ọdún 1904, ó bá Flexner ní ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn tí Rockefeller dá sílẹ̀ ní New York. Ibẹ̀ ni ó wà títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gbé ìyàwó ará Amẹ́ríkà, Mary Dardis.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ayé kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ wáyé ní ọdún 1913. Àwọn dókítà ti ń fura pé àìsàn sífílíìsì ló ń fa irú wèrè kan tí ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí kòkòrò àrùn náà nínú ọpọlọ aláìsàn. Noguchi jókòó ti awò rẹ̀, ó yẹ ọpọlọ àwọn tó kú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i. Láti ọjọ́ yẹn, kò ṣeé jiyàn mọ́ pé àìsàn ara lè sọ ènìyàn di wèrè. Iṣẹ́ tí ó ṣe lórí àrùn Oroya ti orílẹ̀-èdè Pérù ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ náà dúró sán-ún.

Àmọ́ àwọn mìíràn kò dúró. Ní ọdún 1911 ó kéde pé òun ti sin kòkòrò sífílíìsì nínú ìgò láìsí àbàwọ́n. Kò sí ẹni tó tún un ṣe tí ó ṣeé ṣe. Láàárín àkókò kan náà, ó fi omi abẹ́rẹ́ kan ṣe ìdánwò lára àwọn ènìyàn tó lé ní 500, tó fi mọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí tí kò ní àìsàn náà rárá, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ariwo ńlá sọ nípa rẹ̀ ní New York. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ sọ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ìdánwò oògùn tí wọ́n fi ọmọdé ṣe ní Kánò ní ọdún 1996. Ọgbọ́n tí Noguchi ní pọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi ọgbọ́n náà bo èyí mọ́lẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Shika wà ní ẹsẹ̀ Òkè Bandai. Ó ti gba ìwé àṣẹ agbẹ̀bí. Ní ọdún 1912, obìnrin tí kò kàwé yìí tún kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà, ó sì kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ní New York. Àṣìkọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kankan. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń tún bẹ̀ léraléra, pé kí ó tètè wálé. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ọmọ tó dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn Jàpáànì fún un ní ẹ̀bùn ọba, Noguchi wọ Inawashiro. Kobayashi wà níbẹ̀. Noguchi mú ìyá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ rìnrìn-àjò káàkiri Osaka, Kyoto àti Ise, níbi tí ojúbọ ńlá Jàpáànì wà. Àwọn tó rí wọn sọ bí ó ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ níbi àsè àwọn ọlọ́lá. Ní oṣù kọkànlá ó padà sí Amẹ́ríkà. Ìyá àti ọmọ kò fojú kan ara wọn mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú ló pa Shika ní oṣù kọkànlá ọdún 1918, nígbà tí àrùn náà ń pa ènìyàn bí eṣinṣin ní Èkó pẹ̀lú.

Ọdún 1918 yẹn kan náà ni Noguchi ti fẹsẹ̀ wọ ọ̀nà tó gbé e wá sí Áfíríkà. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni wọ́n ní kí ó lọ wò ní Guayaquil, ní Ẹ̀kùádọ̀. Carlos Finlay, ọmọ Kúbà, ti sọ ní ọdún 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn yìí kiri. Walter Reed àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1900. Ohun tí ẹ̀fọn ń gbé gan-an ni ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó dé, Noguchi ní òun ti rí i: kòkòrò kan tó lọ́ bí okùn. Wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara rẹ̀, wọ́n ń gún un fún ènìyàn ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó tún lọ sí Mẹ́síkò, Pérù àti Bùràsíìlì. Níbi gbogbo ni ó ti ń rí ohun tí ó ń wá.

Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí ìtọ̀ eku ń fà, tí òun náà ń sọ ojú di pupa rúsúrúsú. Ní ọdún 1926, Max Theiler, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, àti Andrew Sellards fi hàn ní Harvard pé kòkòrò Noguchi kò yàtọ̀ sí kòkòrò àrùn eku yìí. Àwọn aláìsàn tí wọ́n kó wá fún un ní Guayaquil, àrùn eku ló ń ṣe àwọn kan nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń gún fún ènìyàn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Èkó ni ẹ̀rí tó kù ti wá. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti kọ́ ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sí Yábàá, Henry Beeuwkes sì ni olórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, wọ́n gún un fún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Ọ̀bọ náà kú. Asibi yè. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà nínú asẹ́ tí kòkòrò bí ti Noguchi kò lè gbà kọjá, síbẹ̀ ó ṣì ń pa ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tí awò ayé ìgbà náà kò lè fi hàn. Kí wọ́n tó kọ iṣẹ́ náà jáde, àrùn kan náà mú Stokes. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún ìwádìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Noguchi wọkọ̀ láti New York. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ó gúnlẹ̀ sí Àkúrà. Kò bá àwọn ará Yábàá jókòó. Ilé ìwádìí ìjọba ní Korle Bu ni ó yàn, lọ́dọ̀ William Alexander Young. Ó ra ọ̀bọ rẹpẹtẹ, ó ń fi òru ṣiṣẹ́, ó ń fi òru yẹ òkú ẹran wò, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn yẹjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1928 àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó gbádùn, ó gbà pé ibà náà ló ṣe òun, àti pé kò tún lè mú òun mọ́. Kì í ṣe ibà náà. Bí oṣù ti ń lọ, ọ̀bọ ń kú, kòkòrò rẹ̀ kò sì yọjú. Ó wá di pé ó ń sọ pé àrùn Áfíríkà yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Kò sọ pé òun ṣìnà.

Ó ti dá oṣù karùn-ún láti padà sílé. Kí ó tó lọ, ó wọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó láti rí Beeuwkes àti iṣẹ́ Yábàá fúnra rẹ̀. Ní Inawashiro, òdòdó sakura ń rẹ̀ dànù lásìkò náà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì. Ara rẹ̀ kò dá nígbà tí ó kúrò ní Èkó. Nígbà tí yóò fi dé Àkúrà, ibà ti wọ̀ ọ́ lára, lọ́tẹ̀ yìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni lóòótọ́. A gbọ́ pé ó jẹ́wọ́ fún Young lórí àkéte pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928, ní ẹni ọdún 51. Young ló yẹ òkú rẹ̀ wò. Kí oṣù náà tó parí, Young pẹ̀lú ti kú, ibà kan náà ló pa á. Ibi ìsìnkú Woodlawn ní New York ni wọ́n sin Noguchi sí.

Ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Theiler fi ṣiṣẹ́ títí abẹ́rẹ́ àjẹsára tòótọ́ fi jáde ní ọdún 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń gún fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní àwọn ilé ìwòsàn Ìgbògbò àti Ìkòròdú. Ó wọ inú ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà ní ọdún 2004, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà náà tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara ní ọdún 2017. Ní Legon, ilé ìwádìí tí Jàpáànì bá Gánà kọ́ ní ọdún 1979 ń jẹ́ orúkọ Noguchi. Láti ọdún 2008 sì ni ìjọba Jàpáànì ti ń fi orúkọ rẹ̀ fún àwọn tó bá àrùn jà ní Áfíríkà ní ẹ̀bùn. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó bébà 1,000 yẹ́ẹ̀nì láti ọdún 2004. Ní oṣù keje ọdún 2024, owó tuntun jáde. Àwòrán Kitasato, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀.